Agolo Ìdí Sìgá Lórí Òṣùwọ̀n Ìṣó

Ọwọ́ ọ̀tún. Ó gbéra lórí itan, ó gòkè wá sí àpò àyà. Ìka méjì, ìfábẹ̀lá àti ti àárín, wọ inú àpò náà díẹ̀. Wọ́n dúró. Àtàǹpàkò dúró sẹ́nu àpò bí ẹni tó ń tẹ́tí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà àwọn ìka jáde. Orín ló wà láàrin wọn, orín gígé, kò gùn ju ìka lọ. Sàká fi í sẹ́nu, ó ń rún un jẹ́jẹ́, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ.

Fáòsíà rí i. Ẹnu ọ̀nà ni ó ti rí i, ọṣẹ márùn-ún nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti bọ́ bàtà kan, ìkejì ṣì wà lẹ́sẹ̀.

Ilé ìyàwó kékeré ni, ní Darkuman, nílùú Accra. Ara ń yún Suhaib, ọmọ ọdún kan tí ìyàwó náà bí, nítorí ooru, Fáòsíà sì mú ọṣẹ wá fún wọn láti fi wẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá wá nìyẹn. Kò wá wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyáalé mi," ni Nàfísátù wí. Ó gba ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Fáòsíà kò tíì jókòó. "Bàbá Khàlíl, orín ni ẹ ń jẹ lọ́sàn-án gangan?"

"Eyín ló ń dùn mí díẹ̀."

Nàfísátù rẹ́rìn-ín. "Eyín kọ́, mà. Wọn kì í mu sìgá níbí mọ́. Ó ti lé ní oṣù méjì. Láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti sọ pé mímí Suhaib kò já gaara."

Sàká wo ilẹ̀. Ó wo ilẹ̀ dáadáa, bí ẹni tí ìṣó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí pé lánàá, ní ilé Fáòsíà, sìgá méje ni ó mu. Fáòsíà mọ iye rẹ̀. Òun ló gbá ìdí wọn.

Accra ni wọ́n bí Fáòsíà sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ó ga, kì í yára bínú, kì í sì í yára dárí jì. Ọjà Kaneshie ni ó ti ń ta ọṣẹ dúdú, èyí tí àwọn ará Gáánà ń pè ní aláàtà sàmínà, nítorí Aláàtà ni wọ́n ń pe Yorùbá. Ọṣẹ tí ìyá rẹ̀ tà ni. Àwọn oníbàárà a máa sọ pé kò sí ìdọ̀tí tí ọṣẹ Fáòsíà kò lè fọ̀. Fáòsíà a máa gbọ́, kì í dáhùn. Ó mọ èyí tí kò lè fọ̀. Ọrùn aṣọ Sàká. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ó ti ń fi ọṣẹ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, tí ó ń rẹ ẹ́ sínú omi èèpo ọsàn, tí ó ń sá a sóòrùn. Òórùn sìgá ṣì wà níbẹ̀.

Ó ti bẹ̀ ẹ́. Ó ti sunkún. Ó ti bo páálí sìgá mọ́ inú ìrẹsì; Sàká wá a rí. Ó ti ní kí ààfáà wàásù lé e lórí lọ́jọ́ Jímọ̀. Sàká jókòó ní ìlà kejì, ó ń mi orí, ó dé ilé, ó ní wáàsí òní dára púpọ̀, ó sì ṣá ìṣáná. Nínú oṣù Ramadan, ó lè gbé ọjọ́ odindi láìfi ẹnu kan nǹkan. Tí oòrùn bá ti wọ̀, dàbínù kan, omi, sìgá. Ní àárọ̀, ikọ́. Ikọ́ bí ẹni tó ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ǹtì. Fáòsíà a dùbúlẹ̀, a máa ka iye ìgbà.

Ọdún mẹ́tàlélógún. Nàfísátù, ìyàwó ọdún mẹ́ta, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Oṣù méjì.

Ọjọ́ méjì-méjì ni Sàká fi ń pín ara rẹ̀ sí ilé méjèèjì. Ọjọ́ méjì ní Darkuman, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ọjà Kaneshie lọ́dọ̀ Fáòsíà. Lọ́hùn-ún, èémí. Níbí, èéfín.

Kò lè gbé e mì. Ó sọ ọ́ fún Wòsílátù, ẹni tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jà.

"Kí o dúpẹ́," ni Wòsílátù wí, ó ń ká aṣọ. "Ọkọ àwọn ẹlòmíràn, wọn kì í mú nǹkan kan wálé. Tìrẹ ń mú èéfín wá."

"Mo ń bá ọ sọ ọ̀rọ̀ gidi."

"Ọ̀rọ̀ gidi ni èmi náà ń sọ. Ìwọ tí o ń ta ọṣẹ, kí o ha á sí i lọ́nà ọ̀fun."

"Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Kò gbọ́. Ọmọ àná sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́."

Wòsílátù dá ọwọ́ dúró. "Fáòsíà. Ní ọjọ́ orí yìí? Owú ni o ń jẹ?"

"Mo ń jẹ ẹ́. Kò sì tíì yó mi."

Láti ọjọ́ náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdí sìgá jọ. Kì í dà á nù mọ́. Agolo mílíìkì ńlá kan ni ó ń kó wọn sí. Gbogbo ọjọ́ tó jẹ́ tirẹ̀, fún oṣù kan. Agolo náà kún, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún kún.

Sàká ní ṣọ́ọ̀bù ní Adabraka. Ìṣó, ọwọ́ ilẹ̀kùn, àgádágodo. Òṣùwọ̀n aláwo méjì kan wà lórí tábìlì rẹ̀, tó fi ń wọn ìṣó fún àwọn káfíńtà. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé òṣùwọ̀n náà kì í parọ́. Òun náà ni ó fi ń wọn ẹran Iléyá. Lọ́dọọdún ó máa ń gbé ẹran àgbò wá sí ṣọ́ọ̀bù, apá kan fún Fáòsíà, apá kan fún Nàfísátù, àwo méjèèjì á dúró ní ọgbọọgba. Ẹran náà a máa rùn irin díẹ̀. Kò sí èyí tó bìkítà nínú àwọn ìyàwó méjèèjì, nítorí irin tó wà lára ti ọ̀kan wà lára ti èkejì. Tí ó bá ra aṣọ fún ọ̀kan, ó ra fún èkejì láti ara ìgàn kan náà. Tí ó bá ra fáànù, méjì. Ó fẹ́ràn láti máa sọ pé èjìká òun kan kò ní wọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, bíi ti ọkọ tó ṣe ojúṣàájú láàrin àwọn ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Fáòsíà bo ọjà rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ èrò trótró lọ sí Adabraka. Agolo wà lórí itan rẹ̀, ó fi ìborùn bò ó. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó kí wọn, ó gbé agolo lé àwo òṣùwọ̀n kan. Àwo náà bọ́ sílẹ̀, ó kan tábìlì. Èkejì fò sókè.

Sàká ṣí ojú wò ó. "Ìyá Khàlíl. Kí nìyí?"

"Ìpín tèmi ni. Ẹ gbé ti Nàfísátù sí ìkejì."

Fatawu, ẹni tó ń ta táyà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, wà níbẹ̀. Sìgá kan wà létí rẹ̀. Òun ló máa ń fún Sàká ní sìgá àkọ́kọ́ ní àárọ̀ tó bá ti Kaneshie wá. Ó na ọrùn wo inú agolo, ó rẹ́rìn-ín.

"Àlàájì, èyí wúwo ju ìṣó lọ o."

"Fatawu, lọ sídìí táyà rẹ," ni Sàká wí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ kí n máa mu ún níbẹ̀ náà ni?"

"Nígbà tí ẹ ra áńkárá, ẹ ra méjì. Nígbà tí ẹ ra fáànù, ẹ ra méjì. Ẹ fún un ní ọjọ́ tí kò ní sìgá nínú. Mo fẹ́ tèmi."

Sàká rẹ́rìn-ín. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ ìṣó kan, bí ìgbà tó ń dá káfíńtà lóhùn, ó gbé ọwọ́ lọ sókè àwo tó ṣófo. Ó fẹ́ fi ṣe àwàdà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ìṣó náà wà nínú rẹ̀. Kò jù wọ́n sílẹ̀. Ó wo àwo òkè, ó wo àwo ìsàlẹ̀. Nígbà tó yá, ó dá ìṣó padà sínú àpótí, díẹ̀díẹ̀.

"Láti ọjọ́ wo?"

"Òní ni ọjọ́ mi."

Kò rọrùn. Ọjọ́ kìíní, ó jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn Àlàásàrì, ó ní òun fẹ́ lọ kí ènìyàn kan ní ibùdókọ̀. Ó dé, ẹnu rẹ̀ ń rùn sìgá lábẹ́ òórùn tọ́ọ̀fì. Ojú ti Fáòsíà. Ó lè ṣe é lọ́hùn-ún. Kò lè ṣe é lọ́dọ̀ mi.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, òun ni Fáòsíà kò sì fẹ́. Kí ó lọ bèèrè.

Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Darkuman, kí ọ̀nà lè pẹ́. Nàfísátù ń fọ aṣọ ọmọ.

"Kí ni o ṣe fún un?"

Nàfísátù dìde, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyáalé mi, n kò ṣe oògùn."

"Ta ló sọ oògùn? Mo ní kí ni o ṣe."

Nàfísátù nu ọwọ́ sára ìró. Ó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Pé kí ó kó gbogbo nǹkan sìgá jáde nílé, àwo eérú, ìṣáná, páálí tó ṣófo pàápàá, nítorí ojú ló ń kọ́kọ́ mu sìgá. Pé ìfẹ́ rẹ̀ máa ń dé bí ìgbì òkun ni, kì í ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, á padà sẹ́yìn. Kí ó mu omi tútù títí yóò fi lọ, kó má gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Kí ọwọ́ rí nǹkan dì mú. Kí ó yẹra fún ẹni tí wọ́n jọ ń mu ún, ó kéré tán fún oṣù kìíní.

"Tí wọ́n bá sì ṣubú lọ́jọ́ kan, kí ẹ má pariwo, mà. Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ kan kì í ba oṣù jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì."

"Ó ṣubú níbí rí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Inú Fáòsíà dùn. Ó dùn púpọ̀, ó sì tì í lójú pé ó dùn.

"Ṣé àwo eérú wọn ṣì wà lórí bẹ́ńṣì yín?" ni Nàfísátù bèèrè.

"Báwo ni o ṣe mọ bẹ́ńṣì mi?"

"Ẹnu wọn kì í kúrò lórí ẹ̀." Nàfísátù tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ aṣọ, kò wo ojú ìyáalé rẹ̀ mọ́. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Níbí, wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n á jẹun, wọ́n á mu omi, wọ́n á máa wo ògiri. Pé ìyá wọn kú sí ojú ọ̀nà Lomé, ẹnu Khàlíl ọmọ yín ni mo ti gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta, Ìyáalé mi. Wọn kò sọ ọ́ fún mi."

Fáòsíà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan ń jowú òun.

Òótọ́ ni. Bẹ́ńṣì ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn Mọ̀gàríbì, Sàká á jókòó sí ìkángun kan, á tan sìgá. Fáòsíà á jókòó sí ìkángun kejì, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé èéfín wá sí i. Á máa ráhùn èéfín. Kì í dìde. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ pé Sàká ń bẹ̀rù omi. Ibẹ̀ pàápàá ni Sàká ti sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì, sìgá mẹ́ta ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé.

Nígbà tí Fáòsíà dé ilé, kò tíì sí ẹnìkankan. Ó gbé àwo eérú náà lórí bẹ́ńṣì. Àwo tánganran funfun, etí rẹ̀ ti họ. Ó dì í mú pẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bí ó bá dá a padà síbẹ̀. Sàká á máa mu sìgá rẹ̀, á máa sọ̀rọ̀, Darkuman á ní èémí, òun á ní ọ̀rọ̀. Òṣùwọ̀n náà á dọ́gba, ní ọ̀nà kan.

Ó rántí ikọ́ àárọ̀. Mẹ́rìndínlógún ni ó kà ní ọjọ́ yẹn.

Ó ju àwo náà sínú ìdọ̀tí. Ó gbé bẹ́ńṣì wọ abẹ́ òrùlé ibi tó ń sá ọṣẹ sí.

Ohun gbogbo tí Nàfísátù sọ ni ó ṣe, àfi ọ̀kan. Kò gba orín láàyè. Orín ti Darkuman ni. Nígbà tí Sàká dé, ó fún un ní ìṣó gígùn kan láti inú ọjà Sàká fúnra rẹ̀, ó ti fi yanrìn họ ẹnu rẹ̀ kó má baà gún un.

"Kí ni n ó fi í ṣe?"

"Ẹ máa yí i. Tó bá ti ń ṣe yín, ẹ máa yí i, kí ẹ máa mu omi."

"Ìṣó?"

"Tiyín ni. Ẹ mọ̀ ọ́n."

Ó ń yí i. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Fatawu tún fún un ní ọ̀kan, ó sì mu ún. Ó wá jẹ́wọ́ fún Fáòsíà ní ẹnu ọ̀nà, bí ọmọ ilé-kéwú. Fáòsíà kò pariwo. Ó bu omi fún un. Ó ní ọ̀la tún jẹ́ ọjọ́ òun.

Oṣù kẹjọ nìyí. Sàká kì í mu sìgá mọ́, ní Darkuman tàbí ní Kaneshie. Ikọ́ àárọ̀ ti dín kù sí mẹ́ta, mẹ́rin. Ọrùn aṣọ rẹ̀ ń rùn ọṣẹ. Ọṣẹ ni ó wà lórí bẹ́ńṣì. Kì í bá Fáòsíà sọ̀rọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.