Ẹ̀rọ Kọfí Tí Ààfáà Fọwọ́ Ara Wọn Yàn

Ọdún kejì lẹ́yìn ìgbà tí ìjọba ti mọ́sáláṣí pa nítorí kòrónà ni. Ọjọ́ orí mi nígbà náà, n ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó bí mi kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti rẹ̀ mí.

Ààfáà ni ọkọ mi. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú lójúde wa ní Alajo. Kí Ààfáà tó lọ kírun àárọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mu kọfí dúdú tí kò ní ṣúgà. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn ni mo ti ń jí ṣáájú ìpè ìrun láti sè é. Mo fi èédú sè é, mo fi gáàsì sè é. Mo sè é láàárọ̀ ọjọ́ tí a sin ìyá mi. Ní báyìí, eékún mi kì í fẹ́ gbé mi dìde mọ́.

Àkọ́bí mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Tema, ló ní òun máa ra ẹ̀rọ kọfí fún mi, irú èyí tó ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú kọfí lúbúlúbú, tí yóò fi jáde díẹ̀, kó sì ki. Ó ní, "Màmá, ẹ ó sinmi wàyí." Inú mi dùn. Àwa méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ẹrù ilé ní Madina, àdúgbò kan nítòsí wa.

Obìnrin náà gbé mẹ́ta kalẹ̀. Ọ̀kan ń lọ kọfí fúnra rẹ̀, ó ní ojú bíi ti fóònù, ọ̀rọ̀ kíkọ sì kún ojú náà. Ìkejì ní ọwọ́ irin tí wọ́n ń fipá fà wálẹ̀. Ìkẹta kéré, bọ́tìnì kan ṣoṣo ló ní. Èèyàn á bu omi sẹ́yìn rẹ̀, á ki ike kékeré tí wọ́n di kọfí sí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á wá tẹ̀ ẹ́.

Olójú fóònù wu ọmọ mi. "Màmá, èmi á kọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré lẹ máa tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ẹ ó sì nu ẹnu rẹ̀ dáadáa."

Mo ní, "Aago mélòó ni màá jí tẹ̀ ẹ́?"

Ìgbà yẹn ló yé mi pé èyí yòówù ká rà, èmi náà ni màá ṣì jí dúró tì í. Mo jókòó lórí páálí kan. Mo ní ẹni tó ń mu ún ni kó wá yàn án.

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó fi Twi, èdè ibẹ̀, bi mí pé ṣé Bàbá máa ń wọ ilé ìdáná ni.

"Wọn ò mọ ibi tí ìṣáná wà," ni mo dá a lóhùn.

Lọ́sẹ̀ kejì a mú Ààfáà lọ. Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wo àwọn ẹ̀rọ náà bí ẹní ń wo ẹran tí kò ní rà.

"Ìyá wọn, kí ni mo wá ṣe níbí?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin náà ni. Èmi kọ́ ni mò ń mu ún."

Ojú ti ọmọ mi, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ààfáà fa ọwọ́ irin, èjìká wọn ò gbà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ kìíní ti kéré jù. Wọ́n wá tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo yẹn. Wọ́n tọ́ ọ wò.

"Kò korò tó tìrẹ."

"Ẹ ó fara mọ́ ọn," ni mo wí. Òun la gbé relé.

Ní oṣù àkọ́kọ́ tí a rà á, wọ́n á dúró nínú ilé ìdáná, wọ́n á máa ké sí mi pé níbo ni omi ń gbà wọlé. Orí ibùsùn ni mo ti ń dáhùn pé ẹ̀yìn ni. Nígbà tó yá, wọn ò pè mí mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n má ra ohunkóhun fún mi mọ́ tí màá tún máa jí tọ́jú. Àkọ́bí mi bi mí pé kí ló dé tí n ò fi sọ láti ọjọ́ yìí pé ó ti rẹ̀ mí. Mo ní n ò mọ̀ pé ó ṣeé sọ.