Ọkùnrin Tí Ẹ̀jẹ̀ Rí

Oníbúrẹ́dì àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin kò rẹ́ rí. Ní gbogbo ọdún tí oníbúrẹ́dì fi ń wá ọmọ, obìnrin yìí á wá jókòó sí pálọ̀ wọn, á máa wo ikùn rẹ̀ bí ẹni ń wo ìkòkò tó kọ̀ tí kò hó. Nígbà tó yá, dókítà pa ẹyin ìyàwó àti àtọ̀ ọkọ pọ̀ nínú ìgò, ó sì gbé ọlẹ̀ méjì sí i nínú. Wọ́n ní ọ̀kan ló dúró.

Oyún wọ oṣù kẹta, nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọlẹ̀ ní àbùkù. Èsì ní kò sí àbùkù, ọkùnrin sì ni. Kíá ni ẹ̀gbọ́n ọkọ ti fi orúkọ bàbá wọn pè é.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n ya àwòrán inú, obìnrin ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ lọ bá a níbi iṣẹ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà níwájú ààrò. "Ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n gbé sí ẹ nínú, o sì mọ̀."

"Àǹtí, tó bá jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni, ó ríire. Kò bá yín tan. Ẹ yà lọ́nà kí n gbé páànù kọjá."

Káfíńtà, ọkọ rẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Ohun tó sọ kò ju pé, "Jẹ́ ká lọ bi dókítà náà."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ. Dókítà tún ya àwòrán inú, ó wò ó pẹ́.

"Ó jọ pé ọlẹ̀ kejì náà dúró díẹ̀ kó tó gbẹ," ló wí. "Ọkùnrin ni. Ohun tó kù lára rẹ̀ ló ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín tí àyẹ̀wò fi rí i. Ọmọ yín obìnrin wà dáadáa."

"Ẹ̀yin lẹ gbé méjì sí mi nínú," ni oníbúrẹ́dì wí. "Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ mi, ẹnikẹ́ni ò rántí bèèrè èkejì."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mí kanlẹ̀. "Ọkùnrin yẹn gan-an ló wá lọ."

Oníbúrẹ́dì yíjú sí i. "Ọwọ́ yín ò ní kan èyí tó kù."

Ó bí obìnrin. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ gbé aṣọ ọmọ wá, oníbúrẹ́dì kúnlẹ̀, ó gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ó dúpẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni o," ni káfíńtà wí.

"Mo mọ̀. Ẹ lọ bá a níta."