Olúsànmí àti Àtúnṣe Tolúwalàṣẹ

Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú Olúsànmí ará Aládé yí padà, ẹ kàn yin ẹlòmíì fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà létí rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í jalè, kì í mutí, ilé ìwé kan ní Owena ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Àmọ́ owú! Owú rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Òun ló kọ Akàwé, kóòdù tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó, tó sì ń tò ó. Kálukú ń kọ tiẹ̀ bó ṣe wù ú: "Àpò mẹ́rin, ẹ wá lọ́túnla." "Kòkó ti gbẹ, ó di ọrún òní." Akàwé á tú u palẹ̀, á sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò wá kó o fún awakọ̀. Orúkọ Olúsànmí nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ó sì ń tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́, torí èdè kọ̀ǹpútà kì í dúró lójú kan: bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀yà tuntun jáde, ohun tó ṣiṣẹ́ lánàá lè kọ̀ lónìí.

Lọ́dún yìí, ẹ̀yà tuntun jáde, wọ́n ti yọ apá tí Akàwé fi ń ka ọjọ́ kúrò. Akàwé dákú. Kí Olúsànmí tó máàkì ìwé àwọn ọmọ tán, Tolúwalàṣẹ ti fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí òun àti àwọn àgbẹ̀ láti Àkúrẹ́; ó ku kí Olúsànmí, tó ni Akàwé, fi í sí i. Ta ni Tolúwalàṣẹ? Ọmọ tí Olúsànmí fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà ni! Bàbá Ọ̀ṣúndé, akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, kọ ọ́ sórí Wásáàpù: "Ọmọ yìí mọṣẹ́ o!" Ni àdúrà bá ń rọ́ wọlé fún un.

Olúsànmí ti àwo oúnjẹ ọ̀sán sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, ṣé ó lè lákìísà bí àgbà ni?" ó bi Mojọlá, ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Ẹwàolúwa, ẹ sáà ṣí i wò."

Ṣí i kẹ̀? Ẹ̀rù ń bà á kí orúkọ ọmọ náà má lọ gorí tirẹ̀. Ó kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ pé, "Àṣìṣe wà nínú àtúnṣe yẹn. Mò ń kọ èyí tó dáa bọ̀." Irọ́ funfun báláú!

Ìkánjú ló fi kọ tirẹ̀. Níbi tí àgbẹ̀ bá ti kọ "ọrún òní," ó ní kí kọ̀ǹpútà fi ọjọ́ márùn-ún kún òní. Ẹ gbà mí! Ta ni kò mọ̀ pé a máa ń ka òní mọ́ ọrún? Bí òní bá jẹ́ Mọ́ńdè, Fúráìdè ni ọrún rẹ̀. Ọmọ Aládé, tí ìyá rẹ̀ fi ọjà ọrọọrún tọ́ dàgbà! Owú ti dì í lójú.

Àwọn àgbẹ̀ tó kọ̀wé ní Mọ́ńdè kó kòkó sẹ́bàá títì ní Fúráìdè. Ọkọ̀ kò dé. Òjò dé. Kí ọkọ̀ tó yọ ní Sátidé, àpò mọ́kànlá ti rin gbingbin, mẹ́fà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Bàbá Ọ̀ṣúndé.

Ìgbà náà ni Olúsànmí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àtúnṣe Tolúwalàṣẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ náà fi kún òní. Ó wá orúkọ ọmọ náà lókè kóòdù, kò rí i. Ti Olúsànmí nìkan ló ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ìyẹn tù ú nínú? Ó tún dùn ún sí i ni. Ìbá sàn kí ọmọ náà jí i gbà, kó lè ráyè bú u. Ó pa tirẹ̀ rẹ́, ó fi ti ọmọ náà rọ́pò, kò sọ fẹ́nì kan.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ dé lásìkò. Bàbá Ọ̀ṣúndé, tí kòkó rẹ̀ bàjẹ́, ló kọ́kọ́ kọ̀wé: "Tíṣà wa ti tún un ṣe! Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ àgbà yàtọ̀?" Olúsànmí tẹ̀ ẹ́ pé, "Tolúwalàṣẹ ló ṣe é." Ó wò ó títí, ó pa á rẹ́, ó kọ, "Ẹ ṣé o."

Kò pẹ́, orúkọ Tolúwalàṣẹ yọ lójú fóònù. Kò sí bí ọmọ náà kò ṣe ní dá iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀. Ohun tó kọ ni, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."