Oníwòsàn Tí Mo Sọ Di Jagunjagun

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Itamaga, Ìkòròdú, lọ́jọ́ Sunday. Ọjọ́ yẹn ló máa ń jẹ́ kí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe géèmù níbẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni ilé wọn, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń lo ọlidé. Oṣù mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ, síbẹ̀ ó ní bọ̀ọ̀dá ni kí n máa pe òun.

Èèyàn méjì la máa ń kó lọ sógun nínú géèmù náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa á sì yan iṣẹ́ méjì fún tiẹ̀. Mo sọ tèmi di jagunjagun àti oṣó tó ń ju iná. Òun yan ọ̀kọ̀ jíjù àti ìwòsàn.

"Bọ̀ọ̀dá nọ́ọ̀sì! Ogun là ń lọ o, kì í ṣe ọsibítù."

"Rẹ́rìn-ín ẹ. Tí bàbá mi bá ń ju àwọ̀n, èmi ni mò ń gbọ́n omi inú ọkọ̀. Táwa méjèèjì bá ń ju àwọ̀n, ṣé ìwọ lo máa wá fà wá jáde nínú omi?"

Nígbà tó ń lọ ṣe Iléyá, ó ní, "Máa bá a lọ, àmọ́ má fọwọ́ kan èèyàn mi." Mo ní mo ti gbọ́.

Òmìrán kan dí afárá mọ́ mi. Ó lù mí pa títí ó fi sú mi. Mo bá sọ èèyàn rẹ̀ di jagunjagun àti oṣó bíi tèmi. Géèmù bi mí bóyá ó dá mi lójú, torí kò ní ṣe é dá padà mọ́. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. A pa òmìrán. Inú igbó tó tẹ̀ lé e la kú sí, torí kò sẹ́ni tó lè wo ọgbẹ́ ẹnì kejì.

Nígbà tó dé, ó wo ojú kọ̀ǹpútà títí.

"Ìwòsàn mi dà?"

"Iná ló lọ lójijì. Bí mo ṣe bá a nìyẹn nígbà tí iná dé."

Ó gbà mí gbọ́. Òun ló tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún, pé kí n má bínú. Àmọ́ kò jókòó ti géèmù yẹn mọ́, nígbà tó sì di ọlidé kejì, kò wá. Bàbá rẹ̀ ti ń mú un lọ sódò lójoojúmọ́.

Orí fóònù la ti ń kí ara wa báyìí tí ọdún bá dé. Tó bá ti pe orúkọ mi, mo máa ń rò pé ó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ìwòsàn yẹn. Ó wù mí kó béèrè. Lọ́dún tó kọjá, mo ní ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ.

"Sọ ọ́, mò ń gbọ́."

Mo ń gbọ́ atẹ́gùn odò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kó bá mi kí màmá rẹ̀.