Ìrẹsì Ilé Àlájì Sàlàhúdíìnì

Bioinformatics ni Fàòsíyà ń kọ́ ní yunifásítì. Orúkọ yẹn gùn ju ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ lọ: wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ka ohun tí Ọlọ́run kọ sínú ara ènìyàn, ẹranko àti ewéko, èyí tó mú kí ọmọ jọ bàbá. Lára àwọn tó gboyè jáde ṣáájú rẹ̀, àwọn kan wà ní ọsibítù, àwọn kan ń wá irúgbìn tuntun fún àgbẹ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Aké, ó ń bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́. Fàòsíyà ní tòun, irúgbìn lòun fẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ àṣekágbá dé, ó ní òun fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ògidì nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọ́n ń tà nílùú. Ó bu díẹ̀díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá. Ó wá ku èyí tí yóò fi ṣe òdiwọ̀n. Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì, ó bu ti bàbá rẹ̀, Àlájì Sàlàhúdíìnì, tó ń ta ìrẹsì ní ọjà Ṣàpọ́n. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Nínú mọ́kànlá, mẹ́sàn-án ni kò bá ti Àlájì mu. Inú Fàòsíyà dùn, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Kí wọ́n tó kírun Ásárì, gbogbo ọjà ti gbọ́.

“Ọmọ mi ti fi kọ̀ǹpútà wò ó! Àdàlù lẹ̀ ń tà!” ni Àlájì ń fọ́nnu.

Àlàájà Bàrákátù, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lára mẹ́sàn-án náà, tó sì dojú kọ ti Àlájì, ni ọ̀rọ̀ náà bà jù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ Àlájì. Obìnrin náà kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ṣùgbọ́n Dókítà Adétáyọ̀, olùkọ́ Fàòsíyà, wo iṣẹ́ náà, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ta ló sọ fún ọ pé ti bàbá rẹ ni ògidì?”

“Gbogbo ayé ló mọ̀, mà.”

“Ayé kọ́ ni mo bi. Lọ gba àkọsílẹ̀ irúgbìn Ọ̀fàdà ògidì ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí irúgbìn, kí o tún un ṣe.”

Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn gan-an ni ògidì, ti Àlàájà Bàrákátù ló sì mọ́ jù. Ti bàbá rẹ̀ ni àdàlù.

Fàòsíyà sunkún. Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é, ojú sì tì í. Ó lè yọ ti ilé wọn kúrò nínú iṣẹ́ náà, kó sì dákẹ́. Ta ni yóò béèrè? Àmọ́ orúkọ Àlàájà Bàrákátù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bà jẹ́ kò jẹ́ kó sinmi. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Ṣàpọ́n.

“Bàbá, ẹ má bínú. Tiwa ni àdàlù. Èmi ni mo ṣàṣìṣe.”

Àlájì bu ìrẹsì díẹ̀ sọ́wọ́, ó ń wò ó. “Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ṣoṣo.”

“Bóyá òun náà ò mọ̀, sà. Irúgbìn ló dà pọ̀ lóko.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, sà.”

Ọkùnrin yìí kì í tọrọ àforíjì, àní lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó dé fìlà, ó sọdá títì, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Oníbàárà mẹ́ta wà lọ́dọ̀ Àlàájà Bàrákátù.

“Àlàájà, irọ́ ni mo pa mọ́ yín,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè bíi ti ọjọ́ tó ń fọ́nnu. “Tiyín ni ògidì, tèmi ni àdàlù. Ọmọ mi ló wá sọ fún mi. Ẹ foríjì mí.”

Àlàájà gbé igbá ìrẹsì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó wo ọmọ, ó wo bàbá.

“Àlájì, bí ọmọ yìí ò bá sọ, ta ni yóò mọ̀?”

“Òun fúnra rẹ̀ á ṣáà mọ̀,” ni Àlájì wí.