Kọ́sítọ́mà Kì Í Gbálẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama, tí èsì ìdánwò mi kò sì dára, bàbá mi tó jẹ́ tíṣà ní Yábàá mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ìyá Mùsùlùmí kan ní Mùṣín. Obìnrin náà mọṣẹ́ dójú àmì. Bó bá ti fi tépù wọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan, aṣọ náà kì í há, kì í sì í fẹ̀ jù. Ó fẹ́ràn mi. Nínú gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́, èmi ló kọ́kọ́ gbà láyè láti gé aṣọ oníbàárà, ó sì ti ṣèlérí pé tí ọdún náà bá parí, òun á ṣe fíríìdọ̀mù fún mi, kí èmi náà lè dá dúró.

Ṣùgbọ́n ojú iṣẹ́ náà ń tì mí. Àwọn tí a jọ jáde ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, méjì nínú wọn yà wọlé. Kí wọ́n tó rí mi dáadáa, mo ti ju ìgbálẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Wọ́n bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo ní, "Aṣọ mi ni mo wá gbà. Màmá yìí ló máa ń bá mi ránṣọ."

Ọ̀gá mi gbọ́. Kò bú mi o. Ó kàn fa àga fún mi, ó ní, "Ẹ jókòó, àǹtí. Aṣọ yín ò ní pẹ́ jáde."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo mú ìgbálẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ mi. "Ẹ fi sílẹ̀. Kọ́sítọ́mà kì í gbálẹ̀." Bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún odidi ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ránṣọ, tí ọ̀gá tó fẹ́ràn mi bí ọmọ ń kí mi bí àlejò. Pàṣán ì bá sàn fún mi. Mo gbà pé fíríìdọ̀mù mi ti lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo kúnlẹ̀ lójú àwọn oníbàárà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ iṣẹ́ yín ni mí."

Ó ní, "Sọ ọ́ sókè. Àwọn tó wà níta ò gbọ́."

Mo sọ ọ́ sókè, omijé ń bọ́ lójú mi.

"Ó dáa. Dìde, lọ kó èédú sí áyọ́ọ̀nù."

Ó ṣe fíríìdọ̀mù mi lọ́dún náà. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi kọ́lé sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, òun ni mo fi rán ọmọ níwèé.

Ayé ti wá yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti gboyè ní yunifásítì ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ lónìí, wọ́n sì ń ya fídíò ara wọn nídìí rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ táìlì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹnìkan bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ló ń ṣe báyìí. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ pé yunifásítì ló wà. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi àgbà ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ wọ́.

Nígbà tí a délé, ó gbé omi wá fún mi, ó kúnlẹ̀. "Màmá, tí àlejò bá ti ń bọ̀, ṣé kí n máa kó aṣọ iṣẹ́ mi pamọ́ ni?"