Ọkọ̀ Bàbá Àgbà Tí Kò Mọ Ọwọ́ Ọ̀tún

Mi ò mutí rí láyé mi, ojúmọmọ ló sì ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ.

Àga mọ́tò ni mò ń rán, nítòsí Alágbàká níbí, l'Ákùúrẹ́. Fúnmi ọ̀rẹ́ mi, mẹkáníìkì ni. A jọ jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni. Òun lọ sídìí ẹ́ńjìnnì, èmi lọ sídìí máṣíìnì.

Bàbá àgbà Fúnmi, tíṣà ni l'Óǹdó nígbà ayé wọn. Wọ́n ní ọkọ̀ pupa kékeré kan tí wọ́n rà nílùú Òyìnbó, ọkọ̀ eré, oníjókòó méjì, tí stíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba yí i sí ọwọ́ ọ̀tún, bàbá gbé ọkọ̀ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò lè kọ́ ọ̀nà mìíràn mọ́. Wọn ò wà á mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Fúnmi wá fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra irin. Fúnmi bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní, "Tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ dé Àkúrẹ́ ní Sátidé, máa gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá fi okùn wọ́ ọ, irin ni."

Fúnmi tú kabúrétọ̀, ó ṣe búréèkì. Èmi rán àga tuntun, fóòmù líle ni mo kì sí i, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ẹ gbà mí gbọ́, nígbà tá a dé Oǹdó láàárọ̀ Sátidé, àga awakọ̀ ti jìn wọnú, bí ibi téèyàn jókòó sí mọ́jú. Mo fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Rírán ẹ nìyí?" Fúnmi ní.

"Ìdí ẹ ló wúwo."

A rẹ́rìn-ín. Mi ò bá má ti rẹ́rìn-ín.

Mo gbé Àánú, ọmọ mi olóṣù méje, sórí itan, a gbéra. Ọyẹ́ bo ọ̀nà, ó funfun bí omi ògì. Òórùn kòkó tí wọ́n sá ń fẹ́ wá jẹ́jẹ́. Gbogbo ẹ̀ rí bí àlá, ṣùgbọ́n mi ò sùn.

Bọ́lẹ̀kájà kan yọ nínú ọyẹ́, onípákó ayé àtijọ́, ọwọ́ òsì tiẹ̀ ló ń gbà. Táyà rẹ̀ ò dún. Awakọ̀ rẹ̀ ṣí fìlà kí wa. Kì í ṣe èmi, kì í ṣe Fúnmi ló ń wò. Òmíràn tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé àwa náà ti wà lọ́wọ́ òsì.

"Fúnmi, ọwọ́ ọ̀tún."

"Mò ń yí i," ó ní. "Ẹnì kan di stíárì mú."

Fèrè tírélà dún níwájú. Èyí kì í ṣe ti àtijọ́. Ojú ọ̀nà tá a wà gan-an ló ń gbà bọ̀.

Kí n má parọ́, mi ò rántí àdúrà kankan. Mo kàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá bàbá tó bí mi sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ mi. Ọwọ́ ọ̀tún là ń gbà báyìí. Ẹ rọra, ẹ máa mọ̀ ọ́n."

Àánú gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí ibi tí kò séèyàn, lókè èjìká Fúnmi. Stíárì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọdé tó ń kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Tírélà fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, atẹ́gùn rẹ̀ ṣí ìborùn mi lọ.

A dé Àkúrẹ́. Ọkọ̀ di ti Fúnmi, ṣùgbọ́n kò wà á mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, nínú agolo òwú. Síbẹ̀, láwọn àárọ̀ mìíràn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á gbóná, kòkó á lẹ̀ mọ́ táyà.

Tẹ́ ẹ bá pàdé ọkọ̀ pupa kékeré lọ́nà Oǹdó nínú ọyẹ́, ẹ má bú u, ẹ má fọn fèrè fún un. Ẹ yà fún un. Bàbá ṣì ń kọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni, wọn kì í sì í rántí nígbà gbogbo.